Ẹni Méjì Lórí Orúkọ Kan

Àǹtí Má-Mira ni wọ́n ń pe obìnrin náà ní ilé ìwòsàn, títí kan dókítà àgbà. Òun ló ń ya àwòrán egungun. Ẹni tó já bọ́ látorí àjà, ẹni tí ilẹ̀kùn há níka, ọmọdé tó gbé owó ẹyọ mì, gbogbo wọn ló ń gba abẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ kọjá. Bí wọ́n bá sì ti dùbúlẹ̀ tán, ohun kan náà ni wọ́n máa gbọ́ láti ẹ̀yìn gíláàsì: "Má mira! Má tíì mí! Ó yá, mí." Orúkọ náà kì í bí i nínú. Ó ní orúkọ tó ń sọ iṣẹ́ ẹni sàn ju èyí tó ń sọ ìwà ẹni lọ.

Owó iṣẹ́ kan ò ká bùkátà rẹ̀. Tó bá kúrò níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó tún ń lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan lódì kejì afárá, níbi tí ẹ̀rọ ti máa ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe kó tó ṣiṣẹ́. Ibi méjèèjì ló ń gé owó-orí kí owó oṣù tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo bí owó náà ṣe ń lọ láìbi ẹnikẹ́ni léèrè, bí èèyàn ṣe ń wo òjò.

Akọ̀wé owó oṣù ló là á lóye. Ọkùnrin tínínrín kan ni, tí èèpo ẹ̀pà kì í tán lórí tábìlì rẹ̀.

"Wọ́n ń gé ọ jù," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbi méjì, ibi kejì kì í mọ ohun tí ibi àkọ́kọ́ ti gé. Kálukú á kàn máa gé e bí ẹni pé òun nìkan ló lọ́bẹ. Tọ́dún bá ti parí, ìwọ lo máa kó ìwé méjèèjì pọ̀ lọ bá ìjọba, kí wọ́n dá èyí tó lé padà. O ò ṣe é rí?"

"Ta ló sọ fún mi?"

"Bàbá rẹ tí ò ń gbọ́ bùkátà wọn ńkọ́? Ìdínkù wà fún ìyẹn náà o. O kàn máa kọ orúkọ wọn sí i ni."

Ọ̀rọ̀ kejì yìí wọ̀ ọ́ lára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò mọ̀ pé ohun tó ti ń ṣe láti ọdún mélòó kan láìsí pé ẹnì kan kí i kú iṣẹ́, ìjọba ní ojú kan tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un nínú fọ́ọ̀mù. Nígbà tó kọ ọ́ débẹ̀, tó rí i pé wọ́n ń béèrè ẹni tó ń gbọ́ bùkátà àgbàlagbà náà, ó gbé bírò sókè díẹ̀, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà.

Ó ti mọ ohun tó máa fi owó náà ṣe. Etí bàbá rẹ̀ ti wúwo. Èèyàn kò lè bá a sọ ọ̀rọ̀ àṣírí mọ́, àfi kí gbogbo àdúgbò bá wọn gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n máa ń kì bọ etí, kékeré ló rí, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ò kéré rárá. Ẹ̀rọ yẹn ló ní lọ́kàn.

Owó ò dé. Àwọn tó kọ ìwé tiwọn lẹ́yìn rẹ̀ ti gba tiwọn, wọ́n tilẹ̀ ti ná an tán. Bó bá pe ọ́fíìsì owó-orí lórí fóònù, orin ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi sí i létí, lẹ́yìn náà ni ohùn kan á ní, "A ṣì ń yẹ ìwé yín wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù." Nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán ní kó gbàgbé ẹ̀. Ó ní owó tó bá ti wọ àpò ìjọba ti di ọmọ tó lọ ilé ọkọ: ó lè yà kí wa o, ṣùgbọ́n kò ní padà wá máa gbélé. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀la ọjọ́ náà ló lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó sì forí lé ọ́fíìsì owó-orí fúnra rẹ̀. Ọjọ́rú ni.

Gbọ̀ngàn gbọọrọ kan ni wọ́n ń lò. Fáànù òkè ń yí bí ẹni tí iṣẹ́ ti sú. Àwọn èèyàn jókòó tira, kálukú di ìwé pélébé tó ní nọ́ńbà rẹ̀ mú. Nítorí pé fèrèsé tí wọ́n ti ń dá èèyàn lóhùn ò jìnnà sí ìjókòó, ohun tó ń dun ẹnì kan, gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní òun ti pa àkáùǹtì tí òun kọ sínú fọ́ọ̀mù tì, ṣé owó òun ti ṣègbé nìyẹn? Wọ́n ní kò ṣègbé; ó máa lọ síbẹ̀, kò ní rílé wọ̀, á sì padà sọ́dọ̀ àwọn, ṣùgbọ́n ìrìn àjò yẹn kì í yá. Ìyá ọlọ́mọ kan gbé ọmọ jòjòló rẹ̀ dáni. Ó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọdún parí lòún bí i, ṣé ọmọ ọdún tó lọ ni àbí ti ọdún yìí?

"Ó ké kó tó di òru?" ni obìnrin tó wà ní fèrèsé bi í.

"Ó ké dáadáa, mà."

"Tó bá ti lè ké kí ọdún tó kásẹ̀ nílẹ̀, odindi ọdún la máa kà á sí fún yín. Ẹ kọ ọ́ sí i."

Bí ìyá náà ṣe ń lọ, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà tu Àǹtí Má-Mira lára, ó sì fi ọkàn balẹ̀ lọ síwájú nígbà tó kàn án.

Obìnrin fèrèsé yìí ti dàgbà díẹ̀, ó fi okùn so awò ojú mọ́ ọrùn. Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó wò ó, ó tún un tẹ̀.

"Iṣẹ́ méjì tẹ́ ẹ ń ṣe kọ́ ló dá owó yín dúró o, mà. Ìyẹn ti bára mu. Wọ́n gé yín jù lóòótọ́."

"Kí ló wá dá a dúró?"

"Bàbá tẹ́ ẹ kọ orúkọ wọn yìí, ṣé ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń gbé?"

"Rárá o. Àmọ́ èmi ni mò ń san owó ilé wọn, èmi ni mò ń ra oògùn wọn. Ọjọọjọ́ Àìkú ni mò ń lọ."

"Ṣé ẹlòmíì wà tó tún ń gbọ́ bùkátà wọn?"

"Ta ni ì bá tún wà? Èmi nìkan ni."

Obìnrin náà yọ awò ojú rẹ̀, ó jẹ́ kó já sílẹ̀ láyà. "Ẹlòmíì ti kọ orúkọ wọn, mà. Lọ́dún kan náà. Tí ẹni méjì bá kọ orúkọ ẹnì kan, ńṣe ni kọ̀ǹpútà máa ti fáìlì àwọn méjèèjì pa, títí a ó fi mọ ẹni tó ni ín."

"Olè ni!" Ohùn rẹ̀ lọ sókè. Gbogbo ìjókòó gbójú sókè.

"Ó lè jẹ́ olè. Ó ń ṣẹlẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ọmọ ìyá yín."

"Orúkọ wo lẹni náà ń jẹ́?"

"Òfin ò fún mi láyè láti sọ. Bí ẹni yẹn náà bá dúró síbi tẹ́ ẹ dúró sí yìí, mi ò ní dárúkọ yín fún un." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ lọ bi àwọn ará ilé yín léèrè ná. Tí ò bá sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, ẹ padà wá, ká kọ ọ́ bí ọ̀ràn olè. Tó bá jẹ́ ẹbí ni, kẹ́ ẹ jọ wá. Ẹni tí tiẹ̀ bá ju ìdajì ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú bàbá lọ ni òfin mọ̀. Tí ti ẹnì kankan ò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa fẹnu kò, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i."

Ó jáde sí ojú pópó bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Nínú bọ́ọ̀sì ló tó wá ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ọmọ ìyá. Ọmọ ìyá kan ṣoṣo ló ní láyé, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ojú òun àti ẹ̀ ò tíì kanra láti ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá wọn.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n ti bo sàréè tán kí àbúrò yìí tó dé. Ẹ̀wù iṣẹ́ ló wọ̀, eruku bo bàtà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo. Òun tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ló ti sáré gbogbo ìsìnkú náà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, ara rẹ̀ ti gbóná kọjá ààlà. Níwájú gbogbo èèyàn, ó nàka sí i: "Ọjọ́ tó o bá tún tẹ ẹnu ọ̀nà Bàbá, ọjọ́ yẹn lèmi ò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́ láéláé." Ẹyin lohùn. Ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó fọ́, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ láti kó o. Àbúrò náà wo sàréè fún ìgbà díẹ̀, ó sì yíjú padà lọ. Láti ìgbà náà, wọn kì í dárúkọ rẹ̀ nílé bàbá wọn. Ó ti rò pé bàbá náà ti gbé ọ̀rọ̀ náà tì, bí òun náà ṣe gbé e tì.

Ẹni bẹ́ẹ̀ ni yóò wá kọ orúkọ Bàbá sílẹ̀? Kò lè jẹ́ òun. Olè ni. Ó kúkú kọjá ibi tó yẹ kó bọ́ sílẹ̀ sí, ó ń lọ sílé bàbá rẹ̀ láti kìlọ̀ fún un.

Yàrá méjì ni bàbá náà ń gbé lẹ́yìn ilé iṣẹ́ àwọn atẹ̀wé kan. Ilé iṣẹ́ bàtà ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Títí di ìsinsìnyí, àwọn aládùúgbò ṣì ń gbé bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti já wá fún un. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Àǹtí Má-Mira tì í, ó sì dúró síbẹ̀.

Bàbá rẹ̀ jókòó sórí àga, ó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, aṣọ ìnura wà lọ́rùn rẹ̀, ìfófò ọṣẹ sì bo àgbọ̀n rẹ̀. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó fi ìka méjì na awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àgbàlagbà náà, ó ń fi abẹ fá irùngbọ̀n rẹ̀ jẹ́jẹ́. Irun orí ọkùnrin náà ti hewú. Àpá iná wà ní ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Ewú yẹn ni kò jẹ́ kó tètè dá a mọ̀.

Àbúrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Ó gbé abẹ kúrò lára bàbá, ó sì nàró.

"Ẹ káàsán, mà," ló sọ.

Bàbá yíjú. Kò yà á lẹ́nu bíi ti ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣàdédé wọlé bá. Ńṣe ló dà bí ẹni tí ọkọ̀ dé ṣáájú àkókò. "Ìyá mi," ló wí, "òní kọ́ ni ọjọ́ rẹ."

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn ju abẹ lọ. Ó ti ń rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá yìí lọ́jọọjọ́ Àìkú, tó ń dán, tó ń tutù. Ó ti ń yìn ín pé ọwọ́ rẹ̀ ò tíì gbọ̀n.

"Ìwọ lo kọ orúkọ Bàbá," ló sọ fún àbúrò rẹ̀.

"Orúkọ wo?"

"Lọ́fíìsì owó-orí! Má ṣe bí ẹni tí ò gbọ́ èdè."

Ọkùnrin náà nu abẹ mọ́ aṣọ. "Mo kọ ọ́. Wọ́n ní ta ni mò ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, mo sì kọ ọ́. Ṣé kí n purọ́ ni?"

"Bùkátà wo lò ń gbọ́?"

"Iná tó ń tàn níbí. Omi. Oúnjẹ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe sójú Bàbá, ta lẹ rò pé ó san án?"

"Bàbá ní owó ìfẹ̀yìntì lòun fi san án."

"Owó ìfẹ̀yìntì wo, mà? Èyí tí wọ́n ń san lójú tí wọ́n ń gé lẹ́yìn?"

Ó wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ojú ti òun náà, ojú sì tì í débi pé ìbínú ló kù tó lè fi bò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó ti ṣe: owó ilé, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ibùsùn tuntun, òrùlé tó ń jò. Àbúrò náà ò sì dákẹ́. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń gbé ọ̀kan kalẹ̀ ni òun náà ń gbé tirẹ̀ lé e lórí. Ohùn wọn ròkè. Níwájú ilé, àwọn atẹ̀wé dá ẹ̀rọ wọn dúró kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa.

"Ó tó!"

Bàbá ti dìde. Ìfófò ọṣẹ ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan, èkejì ti mọ́. Ẹlòmíì ì bá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó rẹ́rìn-ín nínú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì.

"Mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀," ló sọ, "ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ẹ̀ ń dá iye lé mi. Ẹ má dá iye lé mi lójú mi. Nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́wọ́ mi, tí èmi àti ìyá yín ń bọ́ yín, mi ò kọ orúkọ yín sí ibì kankan. Mi ò tilẹ̀ mọ fèrèsé tí ǹ bá lọ."

Ó jókòó padà. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ìwọ ìyá mi, o búra lójú mi pé tí èyí bá wọlé, o ò ní wọlé mọ́. Mo mọ̀ ọ́. O kì í fọ̀rọ̀ ṣeré. Kí ni kí n ṣe? Kí n yan ọ̀kan? Èmi aránbàtà, ọ̀tún àti òsì ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Wọn kì í wọ ẹsẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n ta ló ń ju ọ̀kan nù? Ni mo bá pín ọjọ́. Mo fún ọ ní ọjọ́ Àìkú, mo fún un láwọn ọjọ́ tó o fi wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní tí ẹ bá dàgbà tán, ẹ ó ṣíwọ́."

Àbúrò tún bẹ̀rẹ̀, ó fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kù. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àpótí iṣẹ́ bàbá náà láàárín àwọn bàtà tí kò ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń wo bí àbúrò ṣe ń fi àtàǹpàkò ti awọ ọrùn àgbàlagbà náà sókè kó tó gbé abẹ kan ibẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ tó ti mọ́ra nígbà tó bá rí i. Kì í ṣe ti ọjọ́ kan.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù kan kí wọ́n tó rí ọjọ́ tí àwọn méjèèjì lè jọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n pàdé lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì owó-orí. Wọ́n kí ara wọn bí àwọn tó bára pàdé nílé ẹjọ́, wọ́n gba nọ́ńbà, wọ́n jókòó. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Àga kan ṣófo láàárín wọn títí obìnrin kan fi ní kí wọ́n jọ̀wọ́ sún mọ́ra, kí òun lè rí ibi jókòó sí. Wọ́n sún mọ́ra.

Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, láìwo ojú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ní, "Kí ló fà á tó ò fi tètè dé lọ́jọ́ yẹn?"

Kò pọn dandan kó sọ ọjọ́ wo.

"Wọ́n ti dá mi dúró níṣẹ́ nígbà yẹn," ni àbúrò sọ. "Mi ò sọ fẹ́nì kankan. Mi ò lówó ọkọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó sìmẹ́ǹtì ló gbé mi, ó bà jẹ́ lójú ọ̀nà, mo fẹsẹ̀ rin èyí tó kù."

"Kí ló dé tó ò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ò bi mí, mà." Ó fọwọ́ pa àpá ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. "Àti pé níwájú gbogbo èèyàn? Kí n dúró sórí sàréè Màámi, kí n ní owó ọkọ̀ ni mi ò ní?"

Obìnrin náà ò sunkún. Ó ń wo nọ́ńbà ọwọ́ rẹ̀ láìrí i. Láti àárọ̀ dalẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo inú èèyàn, kó rí ibi tó sán, kó rí ibi tó ṣẹ́. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ó rántí bàtà eléruku yẹn. Ó ti rí i lọ́jọ́ náà, ó rí i kedere, ṣùgbọ́n ohun tó kà sí i ni pé ẹni tó wọ̀ ọ́ kò bọ̀wọ̀ fún òkú.

"Pẹ̀lẹ́," ló sọ. Ọ̀rọ̀ náà kéré, ó sì mọ̀ pé ó kéré. Àbúrò rẹ̀ mi orí.

Nígbà tó kàn wọ́n, obìnrin fèrèsé dá a mọ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n, ó wo àbúrò, ojú wọn jọra bí èèyàn àti àwòrán rẹ̀ nínú dígí. "Kì í ṣe olè nìyẹn," ló sọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ṣàlàyé. Ó bi wọ́n ní ti owó ilé, ti iná, ti oúnjẹ, ti owó ìfẹ̀yìntì, ti owó bàtà tí bàbá ń tún ṣe. Ó ṣírò rẹ̀ lọ, ó ṣírò rẹ̀ bọ̀. "Kò sẹ́ni tí tiẹ̀ ju ìdajì lọ nínú ẹ̀yin méjèèjì," ló wí. "Bàbá yín fúnra wọn wà nínú àwọn tó ń gbọ́ bùkátà bàbá yín. Ẹ̀yin lẹ máa mú ẹnì kan lọ́dún yìí. Lọ́dún tó ń bọ̀, ó lè jẹ́ ẹnì kejì."

"Kó wà lọ́dọ̀ wọn," ni àbúrò yára sọ. "Àwọn lẹ̀gbọ́n."

"Tí mo bá yọ orúkọ Bàbá, kí ló kù fún mi?" ni ẹ̀gbọ́n bi obìnrin náà.

"Èyí tí wọ́n gé jù nítorí iṣẹ́ méjì ṣì jẹ́ tiyín, kò sẹ́ni tó máa gbà á. Ìdínkù orí bàbá nìkan ló máa kúrò. Owó yín á kéré díẹ̀. Ẹ ó sì dúró sí i, nítorí a máa tún fáìlì náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀."

"Kó wà lọ́dọ̀ ẹ̀ lọ́dún yìí."

"Àǹtí mi, ẹ má…"

"Dákẹ́ ná."

Kì í ṣe pé inú rere ṣàdédé dé sí i. Ohun tó ń rò ni pé níbì kan nínú ilé ńlá yìí, nínú àkọsílẹ̀ kan tí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí máa kà, ó yẹ kó wà pé bàbá yìí ní ọmọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀. Òun ló fi ẹnu pa á rẹ́ níwájú èrò. Kí bírò dá a padà. Kò sọ ìkankan nínú ẹ̀ síta. Ó fọwọ́ síwèé, ó ti bírò sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, òun náà fọwọ́ sí i.

Ẹ má rò pé owó wá dé lọ́jọ́ kejì o. Ìjọba ò mọ̀ pé àwọn ọmọ ìyá ti parí ìjà. Wọ́n tún kọ̀wé pé àwọn ò rí ìwé ilé ìwòsàn kejì. Ó mú un lọ. Wọ́n ní nọ́ńbà kan ò bára mu. Ó lọ tún un ṣe. Orin fóònù náà ti mọ́ ọn lórí débi pé ó ń kùn ún lẹ́nu iṣẹ́ láìmọ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dá. Lọ́jọ́ kan tí kò tilẹ̀ rántí rẹ̀ mọ́, owó náà wọ àkáùǹtì rẹ̀, ó kéré sí ohun tó ti ń retí. Tàbúrò ti dé ṣáájú. Àwọn méjèèjì da owó pọ̀, wọ́n ra ẹ̀rọ etí náà fún bàbá wọn.

Bàbá lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ó ní òun ò mọ̀ pé irú ariwo bẹ́ẹ̀ ni àwọn atẹ̀wé yẹn ń pa láti gbogbo ọdún yìí wá, kí wọ́n bá òun yọ ọ́ o jàre. Ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá wá nìkan ló ń kì í bọ etí. Ó sì ṣòfin pé kí wọ́n má ṣe máa wá pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. "Tẹ́ ẹ bá jọ wá, ẹ̀ẹ̀kan ni mo rí yín," ló wí. "Tẹ́ ẹ bá wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni."

Nígbà tí ọdún tuntun wọlé, tí àkókò àtikọ fọ́ọ̀mù dé, àbúrò pè é lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kan, bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ̀yin ló kàn lọ́dún yìí. Ṣé ẹ ti kọ orúkọ Bàbá?"

"Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ má gbàgbé o. Mo ti fo ojú yẹn nínú tèmi."

"Mo gbọ́."

Ọ̀rọ̀ tán. Ó yẹ kí ẹnì kan sọ pé ó dàárọ̀. Ó ń gbọ́ mímí rẹ̀ lódì kejì, ó sì ń gbọ́ ohun kan tó ń ró kọ̀, bí ẹni tó gbé ife sórí tábìlì.

"Ṣé ẹ ti jẹun?" ni àbúrò bi í.

"Rárá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni." Ó ti bàtà náà sábẹ́ àga, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ. "Ọmọ kan wá sọ́dọ̀ mi lónìí, ó gbé kọ́kọ́rọ́ ilé wọn mì. Ìyá ẹ̀ dúró síta, kò rí ọ̀nà wọlé…"

Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó dúró kó rẹ́rìn-ín tán, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìyókù fún un.